Èèyàn 215, abúlé kan: bí ilé ẹjọ́ ṣe ń dájọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú Dharmapuri, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu tó wà ní gúúsù Íńdíà, dá èèyàn 215 lẹ́bi nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo, lórí ìfipábánilòpọ̀, lílu èèyàn àti bíba dúkìá jẹ́ tó wáyé ní abúlé kan ní 1992. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wọn. Àwọn 126 jẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó ọba, àwọn 84 jẹ́ ọlọ́pàá, àwọn márùn-ún sì wá láti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó orí. Èèyàn 269 ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. 54 ti kú kí ẹjọ́ tó parí. Nínú àwọn tó ṣẹ́kù, ẹyọ ẹnì kan kò bọ́.

Bí mo bá ti sọ ìtàn yìí fún èèyàn, ìbéèrè méjì ló máa ń tẹ̀ lé e, ẹnu kan náà ni méjèèjì sì sábà máa ń ti jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ ní: "Ṣé gbogbo èèyàn tó tó yẹn náà ló ṣe é ni? Wọn ò ní ṣàì kó aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀." Bí mo bá wá sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gba ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí mẹ́ta, ohùn á yí padà: "Ọdún kan péré? Lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀?" Ẹni tó ń bá wọn bẹ̀bẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan sẹ́yìn ló tún ń bínú pé wọ́n dá wọn sí. Mi ò bá wọn wí. Ọ̀rọ̀ náà ta kókó lóòótọ́.

Ibi tó ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n rò pé ìjìyà dà bí ẹran ọdún: bí àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́ bá ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ti oníkálukú á máa kéré sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níwájú adájọ́, kálukú ló ń gbé odindi ẹrù tirẹ̀. Ohun tó yẹ ká wò ni bí wọ́n ṣe ń di ẹrù náà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tí wọ́n wọ abúlé

Vachathi ni wọ́n ń pe abúlé yìí. Ẹsẹ̀ òkè Sitheri ló wà, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀yà kan tó ti ń gbé lórí àwọn òkè yẹn tipẹ́, Malayali lorúkọ wọn. (Kì í ṣe àwọn Malayali ìpínlẹ̀ Kerala tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ o. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.) Inú igbó agbègbè náà ni igi sandalwood wà, igi olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń ṣe tùràrí àti òróró ìpara. Ti ìjọba ni, ẹni tó bá gé e láìgbàṣẹ sì di ọ̀daràn. Láyé ìgbà yẹn, Veerappan, ògbólógbòó oní-fàyàwọ́ tó ń pa erin tó sì ń ta igi yìí, fi igbó apá ibẹ̀ ṣe ilé, ara kò sì rọ ìjọba.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1992, ọ̀wọ́ ẹ̀ṣọ́ igbó àti ọlọ́pàá ya wọ Vachathi. Wọ́n ní àwọn ń wá igi tí wọ́n kó pamọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkùnrin ti sá gun òkè lọ, ó wá ku àwọn obìnrin, ọmọdé àti arúgbó. Wọ́n kó wọn jọ sábẹ́ igi ńlá kan láàárín abúlé. Wọ́n ṣa obìnrin 18 nínú wọn, wọ́n mú wọn lọ sí etí adágún bí ẹni pé kí wọ́n lọ fi ibi tí igi wà hàn, wọ́n sì fipá bá wọn lò pọ̀ níbẹ̀. Ilé kò ní ilẹ̀kùn mọ́ nígbà tí wọ́n kúrò, ẹran ọ̀sìn kò sí mọ́, omi kànga kò ṣeé mu. Wọ́n kó àwọn tó lé ní 100 lọ, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọdé sì wà láàárín wọn. Ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́ igbó ní Harur ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn lọ sẹ́wọ̀n ní Salem.

Ẹ kíyè sí i: àwọn ará abúlé ló kọ́kọ́ wẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ sẹ́ pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú Kọ́múníìsì kan àti ẹgbẹ́ àwọn ẹ̀yà orí òkè ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì di ọdún 1995 kí ilé ẹjọ́ gíga Madras tó pàṣẹ pé kí CBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, gba ìwádìí náà ṣe. Ìdí rẹ̀ kò le láti mọ̀: ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ta ni yóò wá ní kí ológbò wádìí ẹni tó jẹ ẹja?

Iṣẹ́ ọba ni wọ́n bá wá, báwo ló ṣe di àpéjọ ọ̀daràn?

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró lé jù, torí ibẹ̀ ni kókó náà wà.

Nínú ìwé òfin ọ̀daràn Íńdíà tí àwọn Òyìnbó kọ ní 1860, tó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Keje ọdún 2024, bí èèyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ pẹ̀lú ète kan náà láti ṣe ibi, àpéjọ tí kò bófin mu nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn wà níbẹ̀ pàápàá, bí ẹni náà bá mọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pé jọ. Ẹ̀yìn èyí ni abala 149 wá kàn: bí ẹnikẹ́ni nínú àpéjọ náà bá ṣẹ̀ láti mú ète wọn ṣẹ, tàbí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn yòókù mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó wáyé, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lákòókò náà ló jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún. Olùpẹjọ́ kò ní láti fi hàn pé Lágbájá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri Làkásègbè.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òfin kò tilẹ̀ le tó òwe yẹn. Òwe ní agbà-á-sílẹ̀ ló jẹ̀bi jù. Òfin ní àwọn méjèèjì jọ jẹ̀bi, ká wá wo ọwọ́ kálukú nígbà tí ìjìyà bá kàn.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tó lọ yẹ ilé wò kì í ṣe jàǹdùkú. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an, òfin sì fún un láṣẹ. Àwíjàre tó máa ń dun adájọ́ láti dáhùn ni, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ìdáhùn òfin ni pé àpéjọ tó bófin mu nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lè di èyí tí kò bófin mu bó bá yá. Inú ìwé òfin náà gan-an ni wọ́n kọ èyí sí, kì í ṣe adájọ́ ló dá a sílẹ̀. Ìgbà tí ẹ wọlé tí ẹ ń wá igi, iṣẹ́ ọba lẹ wà. Ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í da epo sínú kànga, igi wo lẹ ń wá nínú kànga? Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, aṣọ ìjọba tó wà lọ́rùn yín kò bò yín mọ́. Ẹni tó bá sì ti rí i pé nǹkan ti yí padà tí kò kúrò níbẹ̀ ti di ọ̀kan lára wọn.

Lójú tèmi, aṣọ ìjọba tún ń mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i ni. Bí olè bá wọ abúlé, àwọn èèyàn á sá tọ ọlọ́pàá lọ. Ní Vachathi, ọ̀dọ̀ ta ni kí wọ́n sá lọ?

Òfin yìí kò jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò. Ní gúúsù Nàìjíríà, ìwé òfin ọ̀daràn tí à ń lò sọ pé èèyàn mẹ́ta ti tó láti di àpéjọ tí kò bófin mu, òun náà sì sọ pé kò ṣe nǹkan kan bó bá jẹ́ pé ìpàdé tó bófin mu ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní òkè Ọya, èèyàn márùn-ún ni Penal Code tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 kà, bíi ti Íńdíà gẹ́lẹ́. Kì í ṣe èèṣì. Íńdíà ni wọ́n ti gbé òfin náà lọ sí Sudan, Sudan ni wọ́n sì ti gbé e wá sí àríwá Nàìjíríà. Nítorí náà, àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé ọ̀gá wọn lọ dáná sun abúlé kan tí wọ́n ń sọ pé "èmi kò sọ iná kankan, mo kàn dúró sójú títì ni," kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí adájọ́ yóò bi wọ́n ní Dharmapuri tàbí níbí: o mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe, àbí o ò mọ̀? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, o kúrò níbẹ̀, àbí o dúró?

Kí ló dé tí gbogbo wọn kò fi gba iye ọdún kan náà?

Ẹni tó bá ti lóye apá àkọ́kọ́ yìí á ní: bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló jọ ni ín, ṣé kí gbogbo wọn kúkú gba iye ọdún kan náà. Rárá. Ìdálẹ́bi lọ́tọ̀, ìjìyà lọ́tọ̀. Ẹ rántí pé abala 149 ní ààlà tirẹ̀: ẹ̀ṣẹ̀ náà ní láti jẹ́ ara ète tó pa wọ́n pọ̀, tàbí èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń fọ́ ìkòkò lápá kan abúlé lè máà mọ ohun tó ń lọ létí adágún. Bí olùpẹjọ́ kò bá fi hàn pé ó mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ etí adágún kò ní lẹ̀ mọ́ ọn lára, bí ti ìkòkò bá tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Nínú àwọn 215, èèyàn 17 ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìfipábánilòpọ̀. Àwọn 12 gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, àwọn márùn-ún gba ọdún méje. Bí ẹ bá ṣí òfin ìgbà yẹn wò, ẹ ó rí nọ́ńbà méjèèjì níbẹ̀: ọdún méje ni ìjìyà tó kéré jù fún ìfipábánilòpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ló lo ipò rẹ̀ láti ṣe é, tàbí pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló dà bo obìnrin kan, ọdún mẹ́wàá ló kéré jù. Òfin mìíràn tún wà lórí èyí, tí ìjọba Íńdíà ṣe ní 1989 láti dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fojú pa rẹ́ nítorí ìran wọn àti àwọn ẹ̀yà orí òkè bíi ti Vachathi. Ó sọ ohun tí wọ́n bá ṣe sí wọn di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀, ó sì tún mú ìjìyà le sí i.

Àwọn yòókù, àwọn tó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ bíi lílu èèyàn àti bíba dúkìá jẹ́, ló gba ọdún kan sí mẹ́ta. Ó kéré lóòótọ́. Mo rò pé ó kéré. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wé ọdún mẹ́wàá àwọn 12 yẹn, bí ẹni pé wọ́n dín in kù fún wọn nítorí pé wọ́n pọ̀. Ohun tí òfin kọ sí abẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n rí lọ́wọ́ wọn ni, bí ì bá tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà wo ni wọ́n fi mọ ẹni tó ṣe èwo? Ẹnu àwọn obìnrin náà ni, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún tún un sọ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ kò lè dúró bí kò bá sí ẹlòmíràn tó rí i. Ní Íńdíà, bí ilé ẹjọ́ bá gba ẹ̀rí obìnrin tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbọ́, ẹ̀rí rẹ̀ nìkan tó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì yàtọ̀ díẹ̀ síra lórí ohun kékeré, bíi wákàtí tàbí àwọ̀ aṣọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ba ẹ̀rí jẹ́. Ta ló lè rántí àwọ̀ aṣọ ẹni tó ń lù ú lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Nǹkan kan tún wà tó ń da àwọn tó ń ka ìròyìn láàmú. Ẹ ó kà á pé wọ́n dá ẹnì kan lẹ́wọ̀n ọdún méjì lórí ẹ̀sùn kìíní, ọdún kan lórí èkejì, ọdún mẹ́ta lórí ẹ̀kẹta, ẹ ó sì rò ó pọ̀ sí mẹ́fà. Ó lè jẹ́ mẹ́fà, ó sì lè jẹ́ mẹ́ta. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n máa rìn pọ̀, ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀, èyí tó gùn jù ló sì máa ka iye ọjọ́ tó máa lò nínú ẹ̀wọ̀n. Bó bá ní kí wọ́n máa tẹ̀ lé ara wọn, ìgbà tí ọ̀kan bá tán ni òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gbólóhùn kan yẹn nínú ìdájọ́ kí ẹ tó máa ṣírò.

Láti 2011 dé 2023

Lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn lẹ́bi, àwọn olùjẹ́jọ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílé ẹjọ́ gíga Madras. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé lójú òfin, ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́wọ̀n lè máa gbé nílé rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè dá ẹ̀wọ̀n náà dúró ná, kó sì gba onídùúró fún un, pàápàá bí ọdún rẹ̀ kò bá pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹjọ́ bá gba ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n sì wá rí i pé kò jẹ̀bi, ta ni yóò dá ọdún kan tó ti lò padà fún un? Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti àwọn tó ń gbé abúlé kan náà, tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti dá wọn lẹ́wọ̀n, tí wọ́n ṣì ń pàdé irú aṣọ kan náà lójú ọ̀nà igbó.

Ọdún 12 ni ẹjọ́ yìí lò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, adájọ́ P. Velmurugan lọ sí Vachathi fúnra rẹ̀, ó wo ibẹ̀, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, tó pé ọdún 12 gééré tí wọ́n kọ́kọ́ dájọ́, ó fi ọwọ́ rọ́ gbogbo ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà tì, ó sì pàṣẹ kí wọ́n kó àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ láti lọ lo ìyókù ẹ̀wọ̀n wọn. Ìyókù ni o. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti lò ní àhámọ́ kí ìdájọ́ tó dé, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Ó tún pàṣẹ mìíràn tí ọ̀pọ̀ ìròyìn pa pọ̀ mọ́ ìjìyà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìjìyà. Ó ní kí ìjọba gbé ìgbésẹ̀ lórí àwọn tó jẹ́ ọ̀gá àgbègbè náà, ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ àti ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ igbó ní 1992. Èyí kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti dá wọn lẹ́bi. Wọn kò sí lára àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, adájọ́ kò sì lè rán ẹni tí kò jókòó síwájú rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n. Ohun tó lè ṣe ni pé kó sọ fún ìjọba pé: ẹ wo àwọn wọ̀nyí náà. Lọ́pọ̀ ibi láyé, ibí yìí ni ẹjọ́ ìwà ipá ẹgbẹ́ ti máa ń rọ̀: ó máa ń mú ẹni tó mú igi lọ́wọ́, ó sì máa ń fi ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì tó rán an níṣẹ́ sílẹ̀.

Owó ló kù. Adájọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù kan owó rúpì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn obìnrin 18 náà, kí wọ́n gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀. Ó ní kí ìjọba wáṣẹ́ fún wọn tàbí kó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dá òwò sílẹ̀. Ẹ má pe owó yìí ní owó ìtanràn. Owó ìtanràn jẹ́ ti ìjọba, ara ìjìyà ni, bí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò bá sì san án, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á gùn sí i. Owó gbà-má-bínú jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, kò sì dín ọjọ́ kan kù nínú ẹ̀wọ̀n ẹnikẹ́ni. Ohun tó wú mi lórí nínú àṣẹ yẹn ni ìdajì tí wọ́n ní kó ti àpò àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ ìjọba nìkan ló san gbogbo rẹ̀, owó ará ìlú ni, títí kan ti Vachathi.

Ikú náà ní ọ̀rọ̀ sọ nínú ẹjọ́ yìí. Àwọn olùjẹ́jọ́ 54 tó kú kí ọdún 2011 tó pé, ẹjọ́ wọn kú pẹ̀lú wọn: wọn kò jẹ̀bi, wọn kò sì jàre, orúkọ wọn kàn kúrò nínú ìwé ni. Nínú àwọn obìnrin 18 náà, mẹ́ta ti kú kí ọdún 2023 tó dé. Ti wọn kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n kó owó wọn fún àwọn ẹbí tí wọ́n fi sílẹ̀.